Bẹẹrẹ Kì í Ṣe Béèrè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá lọ ní Ọjà'ba, tí ẹ rí pátákó kan tí wọ́n kọ ILE EWA sí gàdàgbà, kí ni ẹ rò pé wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ilé ẹ̀wà ni, níbi tí wọ́n ti ń bu ẹ̀wà àti ata díndín fún ẹni tí ebi ń pa? Àbí ilé ẹwà ni, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dirun, tí wọ́n ti ń kun èékánná? Ọkùnrin tí ebi ń pa lè wọlé, kí wọ́n ní kí ó jókòó, kí wọ́n sì gbá a lórí mú. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni mo wá rò lónìí, lẹ́tà kan ni mo sì pè lẹ́jọ́.

Ẹ mọ lẹ́tà náà dáadáa, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì ni. Ó sanra, ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tí ń sáré bá ọkọ̀, lẹ́tà kan a máa na ọwọ́ mú èkejì, ìrù èyí tó kẹ́yìn a sì yí padà wá fa ìlà sí abẹ́ gbogbo orúkọ náà. Ẹ gun òkè láti Ọjà'ba lọ sí Mápó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, kí ẹ yà sí Bẹyẹrúnká, ẹ óò rí i lára ṣọ́ọ̀bù aṣọ, lára ilé oúnjẹ, lára ilé olóògùn, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti lára takisí Micra. Ó ti pẹ́ láyé, ó sì ti tún padà di oge. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣí ilé oúnjẹ tuntun, àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sára aṣọ, àwọn tó ń ṣe pósítà fíìmù, gbogbo wọn ló ń wá lẹ́tà ayé àtijọ́ yìí kiri. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí lẹ́tà tó ń pe èèyàn láti òkèèrè tó o. Ohun tí mo bá a jà fún ni pé, bí a ṣe ń rí i nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí, kò lè kọ Yorùbá. Lẹ́tà tí kò bá sì lè kọ Yorùbá kò ní iṣẹ́ kankan lórí pátákó Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn; àlàyé ni ìyókù.

Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò wa ná. Bẹẹrẹ, lórí ọ̀pọ̀ pátákó, BEERE ló ń jẹ́. Ẹni tó bá mọ Yorùbá kà, tí kò sì tíì dé Ìbàdàn rí, "béèrè" ni yóò kà á. Béèrè kí ni? Lọ́wọ́ ta ni? Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 jókòó sórí òkè, ó ń wo àdúgbò tó ní orúkọ tó dùn, tí àwọn akọ̀wé pátákó ti sọ di ìbéèrè. Ẹ tún wo Ọjà'ba. Àwọn àgbà Ìbàdàn sọ fún wa pé Ọjà Ìbà ni, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Àmì kékeré tó rọ̀ sí àárín orúkọ náà ló ń rán wa létí pé nǹkan kan ti bọ́ níbẹ̀. Bí pátákó bá wá kọ ọ́ ní OJA OBA, àmì ti lọ, Olúyọ̀lé ti bá a lọ, ọba kan tí kò jà fún ọjà náà ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí orúkọ àdúgbò. ILE EKO: ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni, àbí ilé ẹ̀kọ, àbí ilé kan ní Èkó? OWO LAGBA: ṣé owó ni àgbà ni, àbí òwò, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọwọ́? Ẹni tó fi owó rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò lè jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, kí gbogbo ìgboro máa pè é ní olówó-gbajà. OGUN IBA lára ilé olóògùn: oògùn ibà ni olóògùn ń tà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn lè rò pé ogun Ìbà Olúyọ̀lé ti tún dé. Nítòsí Mápó, ogun Ìbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ah, kọ̀ǹpútà ló fà á." Sùúrù. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí lẹ́tà yìí ti wá.

Kí ó tó di ti ẹ̀rọ, ọwọ́ àwọn sáìnráítà ló wà. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ fi ẹfun pa okùn, yóò na án sára pátákó, yóò ta á kí ìlà lè là. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa òjìji lẹ́tà, lẹ́yìn náà ni yóò ki búrọ́ọ̀ṣì bọ pẹ́ńtì. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín yóò rántí bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó, bí wọ́n ṣe ń kọ òwe sí iwájú rẹ̀ àti àdúrà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni lẹ́tà ti ń sanra; ibi tó bá ti ń gbéra ni ó ti ń tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà fi rí bó ṣe rí.

Òyìnbó náà ní àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé wọn fẹ́ ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láìpe akọ̀wé kankan, wọ́n rọ ọ́ sínú irin. Ní 1942, Robert E. Smith ya lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Brush Script fún ilé-iṣẹ́ American Type Founders ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Faransé, Roger Excoffon ṣe Mistral ní 1953. Ní 1955 ó tún gbé Choc jáde, èyí tó sanra bí ẹni jẹ iyán. Irú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ló wá wọ inú kọ̀ǹpútà, tí a ń pè ní fọ́ǹtì, tí wọ́n sì ń tẹ̀ jáde sórí fléèsì ní Ìbàdàn lónìí.

Mi ò bá Smith àti Excoffon jà. Wọn kò ṣe é fún wa, a kò sì bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Yorùbá ló pẹ́ dé. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, wọ́n pàdé ní Èkó, wọ́n sì fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ọdún 67 lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni Brush Script tó dáyé. Àkọtọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nílé ìwé lónìí, 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ti wà nílẹ̀ kí lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì tó wọlé. Àlejò ló dé tó ní kí onílé bọ́ bàtà kí ó sì ṣí fìlà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì lè ṣe, èyí tó rọrùn jù ni kí ó fi ẹnu kan pátákó kí ó sì gbéra. Àmì abẹ́ ẹ nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ó fà díẹ̀ sókè tàbí díẹ̀ sílẹ̀. Àmì ohùn nìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lánàá lè ṣe méjèèjì. Lẹ́tà tó ń ṣe bí ẹni pé búrọ́ọ̀ṣì ni òun, tó ń fi ìrù ṣe fáàrí, tó wá kùnà ohun tí búrọ́ọ̀ṣì ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe, ayédèrú ni.

Láìpẹ́ yìí, mo bá àbúrò mi obìnrin kan lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ fléèsì. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí irú wọn pọ̀. Aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àbúrò mi ń tà, ó sì fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun máa jẹ́ Ilé Ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì ló yàn. Nígbà tí ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yí i sí wa, ILE OSO ni mo rí.

Mo ní, "Ọmọ mi, àwọn àmì rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Bàbá, fọ́ǹtì yẹn ò ní in, sà. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n."

"Ta ni á mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo èèyàn, sà."

Mo ní kí ó kà á bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó ka "Ilé Oṣó," ó sì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbé owó rẹ̀ lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó nílé oṣó? Ọmọkùnrin náà, tí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, gbìyànjú. Ó wá ọ̀ àti ṣ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì nàró ṣánṣán láàárín àwọn lẹ́tà tó sanra tó sì tẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn fi àǹkárá lẹ ihò ara sányán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, kí a má baà máa pe kọ̀ǹpútà ní àjẹ́. Fọ́ǹtì dà bí àpótí oníyàrá púpọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá ya ṣ, yàrá ṣ ṣófo nìyẹn, kọ̀ǹpútà yóò sì sáré lọ yá ṣ nínú fọ́ǹtì mìíràn. Ibẹ̀ ni àǹkárá ti ń lẹ̀ mọ́ sányán. Ẹ àti ọ rí ìrànlọ́wọ́ láti ibi tí a kò fojú sí. Àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sí abẹ́ e àti o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ní tiwọn. Fọ́ǹtì tó bá lè kọ èdè Vietnam, ẹ àti ọ yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣ, kò sì sí ẹni tó rántí ti wa. Ní ti ẹ́ àti ọ̀, tí wọ́n ní àmì lókè tí wọ́n tún ní nísàlẹ̀, Unicode, ìyẹn ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn ní láti wá jókòó lórí ẹ, ẹni tó ya fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ pèsè àga fún un. Bí kò bá pèsè rẹ̀, àmì náà yóò gẹṣin lọ sórí lẹ́tà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Àwọn ará Vietnam kì í tẹ ìwé wọn láìsí àmì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta lẹ́tà fún wọn gbọ́dọ̀ ya àmì. Àwa ń rà á láìsí àmì, ta ni yóò wá ṣe wàhálà láti yà á?

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò sọ. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Gbogbo wa la mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ni àmì fẹ́ ṣe?" Òótọ́ ni pé ẹni tó ti mọ Bẹẹrẹ tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé pátákó síta fún. Àlejò ni, àti ọmọdé. Ìgboro ni ìwé tó tóbi jù ní Ìbàdàn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nílé ìwé, ara pátákó àti ẹ̀yìn mọ́tò ló ti ń rí Yorùbá kà jù. Bí a bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, olùkọ́ wo ló máa lè yí i lọ́kàn padà láàárín wákàtí méjì lọ́sẹ̀? Ọmọ náà yóò gbà pé àmì jẹ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ilé ìwé, pé àwọn àgbà kì í lò ó.

Ẹnì kejì á ní, "Ṣé àwọn sáìnráítà àtijọ́ ń fi àmì sí i ni?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò fi sí i. Ẹ wo páálí àwo orin jùjú àti àpàlà ayé ìjọ́sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àmì kankan. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ ni Párádísè. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí o bá sọ fún sáìnráítà pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi àmì sí i," yóò ki búrọ́ọ̀ṣì bọ pẹ́ńtì, ó parí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó sanwó ló ń pinnu. Lónìí, fọ́ǹtì ló ń pinnu, ẹni tó sanwó ń tẹ̀ lé e bí ẹrú.

Ẹnì kẹta á ní àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. Irọ́ ni! Àmì tí wọn kò yà dáadáa ló ń ba ẹwà jẹ́. Bí lẹ́tà bá sanra, kí àmì rẹ̀ náà sanra. Bí lẹ́tà bá tẹ̀, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìlà méjì, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín, kí ìrù g àti y tó wà lókè má baà gún àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ lójú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tilẹ̀ fi àmì dárà, nítorí kò sí ohun tó ń mú lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì ta yọ bí àmì rogodo tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ̀kẹrin á ní kò sí bọ́tìnnì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn náà ti di ìtàn. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ti gbé ètò bọ́tìnnì Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù tí ọ̀pọ̀ wa mú lọ́wọ́ pàápàá lè tẹ ẹ̀ àti ọ́. Ọwọ́ ló kù tí kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Mo ní ohun mẹ́rin.

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ń san owó pátákó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ǹtì kankan, ẹ ní kí wọ́n fi kọ òwe yìí fún yín kí ẹ rí i: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ méje péré ni, ṣùgbọ́n ṣ wà níbẹ̀, ń wà níbẹ̀, ẹ̀ àti ọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá kọ ọ́ láìkọsẹ̀, ẹ gbà á. Èyí tó bá kọsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Bí kò bá sí òmíràn, sáìnráítà ṣì wà ní Ìbàdàn. Ẹ lọ bá wọn, ẹ sanwó fún wọn bó ṣe yẹ.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fléèsì. Ẹ má tún sọ fún bàbá ẹnikẹ́ni pé wọ́n á mọ̀ ọ́n. Bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì, ẹ fi ọwọ́ yà á sí i lórí kọ̀ǹpútà kan náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lè fi iná yí orúkọ olóṣèlú ká, tí ẹ lè gbé ìyẹ́ áńgẹ́lì wọ òkú, ṣé àmì kan lábẹ́ ọ ni kò ní ṣeé ṣe?

Ẹ̀kẹta, ìjọba. Ìjọba ń gba owó lórí pátákó, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn bó ti tóbi tó. Kí ó kọ́kọ́ tún àwọn pátákó ojú pópó tirẹ̀ kọ, kí Bẹẹrẹ padà di Bẹẹrẹ, kí Bẹyẹrúnká gba àwọn àmì rẹ̀ padà. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ilé ara rẹ̀ kò ní ẹnu láti bá aládùúgbò wí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́ǹtì. Àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń jẹ́ Afrotype ti mú irú lẹ́tà tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ ara dáńfó Èkó, wọ́n sọ ọ́ di fọ́ǹtì, wọ́n pè é ní Danfo, ó sì wà lórí Google Fonts fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí dáńfó bá lè wọ kọ̀ǹpútà, kí ni yóò dí búrọ́ọ̀ṣì Bẹẹrẹ lọ́wọ́? Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà sáìnráítà tó kù, kí ẹ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ, kí ẹ ya lẹ́tà kan tó sanra, tó tẹ̀, tó dáńgájíá, tí àmì abẹ́ àti àmì ohùn jẹ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní Mápó bó bá wù yín. Èmi yóò wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ rà á.

Títí dìgbà náà, ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ ẹni tí àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe tí mo ní kí ẹ fi dán fọ́ǹtì wò yẹn, ẹ yọ àmì rẹ̀ kí ẹ kà á: ILE LA TI N KO ESO RODE. Èso ha ni à ń kó ròde bí? Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó yín, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dá owó yín padà sápò.